Òwú Tí Mo Ran Fúnra Mi

Tí ẹ bá fẹ́ mọ irú òwú tó wà lọ́wọ́ yín, ẹ já díẹ̀ lára rẹ̀ kí ẹ ṣáná sí i. Bó bá jẹ́ òwú oko, á jó bí ìwé ṣe ń jó, á máa rùn bí ìwé, eérú rẹ̀ á sì fúyẹ́ débi pé èémí ẹnu lásán á gbé e lọ. Bó bá jẹ́ èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà tí gbogbo wa ń pè ní wúùlù, bó ṣe ń jó ni yóò máa yọ́, á máa kán tó, tó, tó, bó bá sì tutù tán, á di kókó dúdú kan tó le koránkorán. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà tí mo kọ́kọ́ dán an wò nínú ṣọ́ọ̀bù Mọ́mì mi ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ìgbátí tí mo jẹ lọ́jọ́ náà kò kéré, nítorí pé wúùlù ni wọ́n tò kún gbogbo ògiri ṣọ́ọ̀bù yẹn láti ilẹ̀ dé àjà. Ìṣáná kan péré ì bá ti jó gbogbo rẹ̀.

Òwú ni mo fẹ́ kọ̀wé nípa rẹ̀ lónìí, èyí tí mo ń fọwọ́ ara mi gbọ̀n, tí mo ń ran, tí mo ń rẹ láró, tí mo sì ń fi abẹ́rẹ́ méjì hun. Olùkọ́ ni mí, òwú kọ́ ló ń bọ́ mi. Ṣùgbọ́n bí mo bá dé láti ilé ìwé, tí mo jẹun tán, tí mo jókòó ti àwo igbá mi, ara mi a máa balẹ̀ lọ́nà tí mi ò rí níbòmíràn.

Wúùlù tí à ń pè ní wúùlù yìí, kò bá àgùntàn tan rárá. Inú epo rọ̀bì ni wọ́n ti ń ṣe é. Àgùntàn tiwa níhìn-ín, tó ń jẹ koríko etí títì láti Tákíè dé Sábó, irun rẹ̀ kúrú, ó lẹ̀ mọ́ ara bíi ti ewúrẹ́, kò sí ohun tí èèyàn á rẹ́ lára rẹ̀ tó máa di òwú. Ilẹ̀ olótùútù ló ni àgùntàn tí irun rẹ̀ ń wú bí ìkùukùu. Ohun tí ilẹ̀ tiwa fi jíǹkí wa ni òwú oko, èyí tó ń là nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí oko á funfun báláú, tí ẹni tó ń kọjá lọ á kàn fẹ́ dúró wò ó.

Mi ò fi wúùlù ṣẹ̀sín o. Òun ló rán mi lọ sílé ìwé. Mọ́mì ní ẹ̀rọ nítìn kan tó gùn gbọọrọ, ìró rẹ̀ la fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́, òun náà la sì fi ń sùn lálẹ́. Súwẹ́tà ilé ìwé ló ń hun, aláwọ̀ ewé fún ilé ìwé kan, aláwọ̀ ilẹ̀ fún òmíràn, láti oṣù kẹsàn-án títí ọyẹ́ á fi wọlé. Inú ṣọ́ọ̀bù yẹn ni mo ti kọ́ nítìn ọlọ́wọ́. Igi ọwọ̀ la fi ń kọ́ ọ nígbà náà, gbogbo ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìgbà wa ló mọ̀ ọ́n: a ó fa igi ọwọ̀ méjì tó nípọn yọ, a ó fi òkúta ha orí rẹ̀ kó dán, kó má baà máa fa òwú ya. Ẹni tí bàbá rẹ̀ bá ní kẹ̀kẹ́ ológeere a máa lo sípóòkù, òun ni olówó kíláàsì.

Ìyá tó bí Mọ́mì, Ọ̀yọ́ ló ń gbé, nínú agbo ilé kan tí kò jìnnà sí Ọjà Akẹ̀sán. Ibẹ̀ la ti máa ń lo ọlidé. Ìyá Àgbà kò mọ nítìn, kò tilẹ̀ kà á sí; ó ní aṣọ tó ń nà tó ń sún kì í ṣe aṣọ. Òwú ló ń ran ní tiẹ̀. Bí oòrùn bá ti yẹ̀ lójú ọ̀dẹ̀dẹ̀, á tẹ́ ẹní, á na ẹsẹ̀ méjèèjì, á gbé àwo igbá kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ itan, ìrànwú rẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í pòòyì nínú rẹ̀. A ó jókòó yí i ká.

“Àlọ́ o!”

“Àlọ̀!”

“Kí ló ń jó tó ń lóyún, bó ṣe ń jó sí i ni oyún rẹ̀ ń tóbi sí i?”

Ojoojúmọ́ ló ń pa á fún wa. Síbẹ̀ a ó pariwo “Ìrànwú!” bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já a, torí ojú wa níbẹ̀ ni igi tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ti ń lóyún, tí ikùn rẹ̀ ń wú díẹ̀díẹ̀ bí òwú ṣe ń ká mọ́ ọn lára.

Àwọn àgbà ní òwú tí ìyá gbọ̀n lọmọ ń ran. Nílé tiwa, kò rí bẹ́ẹ̀. Ìyá Àgbà gbọ̀n, Mọ́mì kọ̀, kò ran. Mo bi í nígbà kan pé kí ló dé. Ó ní, “Àwọn ẹgbẹ́ mi ń ṣeré òṣùpá níta, èmi ń fi ọ̀pá irin yí kóró kúrò lára òwú. Àtẹ́lẹwọ́ mi a bó. Bá a bá sì ran án tán, oníbàárà á ní òwú òyìnbó dán ju tiwa lọ, ó sì pọ̀ ju tiwa lọ. Mo ti pinnu látìgbà yẹn pé ọmọ tèmi kò ní fọwọ́ kàn án.” Kò bínú sọ ọ́. Ojú rẹ̀ wà lára iṣẹ́ rẹ̀, ẹ̀rọ ń lọ, ẹ̀rọ ń bọ̀. Mi ò tún bi í mọ́.

Nígbà tí Ìyá Àgbà re ibi àgbà ń rè, tí wọ́n pín ẹrù, kò sẹ́ni tó bèèrè àpò kan tó so kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ìrànwú mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ọrun kékeré tó fi ń gbọ̀n òwú, àti ẹfun tó ti di lúúlúú. Èmi ni mo gbé e. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi wà lókè àjà mi kí n tó mú ọ̀kan jáde nínú rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan tí kò sí iná. Mo kàn fẹ́ fọwọ́ kàn án ni. Mo fi ìka ta á, ó pòòyì nínú àwo tíì, ó sì dúró ṣánṣán, kò mì, bí ìgbà tó wà lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Amọ̀ róbótó tó wà nídìí rẹ̀, tí wọ́n fín lára, ló ń fún un lágbára láti máa yí lọ. Láti ọjọ́ náà ni.

Ojú mi mọ òwú ríran, ọwọ́ mi kò mọ̀ ọ́n. Oṣù méjì gbáko ni gbogbo ohun tí mo ràn fi já. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí, torí ẹni tí kò bá ṣe é rí lè rò pé lílọ́ lásán ni.

Òwú tó bá ti oko dé, kóró wà nínú rẹ̀, kóró náà sì di òwú mú bí ẹni tó di ẹrù ara rẹ̀ mú. Èèyàn á tẹ́ òwú sórí pákó tó tẹ́jú, á fi ọ̀pá irin yí i lọ síwájú, kóró á fò jáde níwájú ọ̀pá. Iṣẹ́ tó bó Mọ́mì lọ́wọ́ nìyẹn, mi ò sì ní parọ́ fún yín, mi ò fẹ́ràn rẹ̀. Bí mo bá rí èyí tí wọ́n ti yọ kóró rẹ̀ rà, mo ń rà á.

Gbígbọ̀n ni ẹ̀mí mi fẹ́. Ọrun náà kò gùn ju apá mi lọ. Èmi á gbé okùn rẹ̀ sínú òwú, màá ta okùn náà, á dún gbìn-ìn, òwú á ta sókè, á tú ká, ìdọ̀tí ewé á jábọ́ sílẹ̀. Bí mo bá ta á bẹ́ẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ohun tó ṣù pọ̀ bí àkàrà tẹ́lẹ̀ á di ẹ̀gbọ̀n òwú tó fúyẹ́ tó jẹ́ pé bí mo bá sín, ó ti fò lọ. Ojú ẹni á wá rí i pé ohun tó wà nínú òwú kékeré kan pọ̀ jọjọ.

Lẹ́yìn náà ni ríran. Ọwọ́ òsì mú ẹ̀gbọ̀n òwú, ọwọ́ ọ̀tún ń ta ìrànwú, èèyàn á ti fi ẹfun pa ìka rẹ̀ kó má baà yọ̀. Òwú a máa jáde láàárín àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀là bí ẹni ń fa ọ̀rọ̀ jáde lẹ́nu ọmọ tó ń tijú: bí o bá fà á jù, ó já, bí o kò bá fà á, kò ní wá. Ibi tó bá tínrín ni ìlọ́ máa ń sáré lọ. Ibi tó bá ki, ìlọ́ kì í tètè wọ̀ ọ́, á wú bọ̀ọ̀bọ̀ọ̀ láàárín òwú. Ohun tí mo fi oṣù méjì kọ́ ni pé tí mo bá rí irú ibi bẹ́ẹ̀, kí n dá ìrànwú dúró, kí n tú u díẹ̀, kí n fà á gùn, kí n tó jẹ́ kí ìlọ́ kọjá. Ìka ló ń mọ̀ ọ́n kí ojú tó rí i. Ní báyìí mo lè ran nínú òkùnkùn.

Àwo igbá yẹn náà ní ìdí tó fi wà níbẹ̀. Fọ́nrán òwú kan kò gùn ju ìdajì ìka lọ. Bó bá jẹ́ pé ṣe ni ìrànwú ń fì dirodiro lára òwú, ìwọ̀n rẹ̀ nìkan á ti já a. Nínú igbá, ilẹ̀ ló gbé ìwọ̀n rẹ̀. Àwọn ìyá wa ti mọ ìyẹn tipẹ́tipẹ́. Wọ́n sì mọ̀ pé òwú ń ya aláìgbọràn nígbà ọyẹ́: afẹ́fẹ́ gbígbẹ a jẹ́ kó máa já ṣáá. Ìyá Àgbà a máa da omi sílẹ̀ yíká ẹní rẹ̀ nígbà ọyẹ́. Mo rò nígbà náà pé eruku ló ń pa.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo hun nínú òwú tí mo ran ni fìlà kan fún ọmọ tí àbúrò mi obìnrin bí. Irọ̀lẹ́ mẹ́fà ni mo fi ran òwú rẹ̀. Mo rẹ ẹ́ láró, mo hun ún, mo sì gbé e lọ síbi ìkómọ ní Ọ̀yọ́ pẹ̀lú ayọ̀. Nígbà tí wọ́n fi dé ọmọ lórí, fìlà náà yí. Gbogbo ojú tí mo hun ló wọ́ sápá kan, bí igi tí ìjì ti tẹ̀. Kò pẹ́ tí ọmọ làágùn. Wọ́n ṣí fìlà, iwájú orí ọmọ ti di aró. Ìyá ọkọ àbúrò mi fi aṣọ ìnujú nù ún, ó sì kí mi dáadáa pé mo ṣeun, ọwọ́ mi kò ní pofo. Inú mi bàjẹ́ gan-an. Àbùkù méjì lójú gbogbo ẹbí, kò sì sí ìkankan nínú méjèèjì tí mo mọ ohun tó fà á.

Ti yíyí yẹn, mo rí ìdí rẹ̀ nígbà tó yá. Òwú tí a bá ràn, ìlọ́ wà nínú rẹ̀, ó sì ń wá bí yóò ṣe tú. Lórí òfì, kò sí wàhálà: wọ́n ti na òwú gbọọrọ, wọ́n ti so ó mọ́lẹ̀, òwú kejì tún gba àárín rẹ̀ kọjá, kò ríbi yí sí. Àmọ́ nítìn, ojú kọ́ ojú lọ́rùn ni, òmìnira wà fún un, á máa fa aṣọ sápá kan. Ohun tó yẹ kí n ṣe ni kí n pa òwú méjì pọ̀. Bí mo bá ta ìrànwú sí ọ̀tún nígbà tí mo ń ran, màá ta á sí òsì nígbà tí mo bá ń pa wọ́n pọ̀. Ìlọ́ tàkọ́kọ́ ń fà síbí, ìlọ́ kejì ń fà sọ́hùn-ún, wọ́n á pẹ̀tù síra wọn. Bí mo bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó pé, màá fi ìka gbé díẹ̀ nínú rẹ̀ kọ́ bí ìlẹ̀kẹ̀: bó bá dúró jẹ́ẹ́, ó ti pé, bó bá lọ́ mọ́ra rẹ̀, iṣẹ́ ṣì kù. Ìyá Àgbà kò kọ́ wa nírú èyí, torí pé òfì ló ń ran òwú fún, kò ràn án fún nítìn rí láyé rẹ̀.

Ti aró, Ọ̀yọ́ ni mo ti lọ kọ́ ọ.

Ẹni tí wọ́n júwe fún mi jẹ́ ìyá àgbàlagbà kan tí ìkòkò rẹ̀ wà lábẹ́ ahéré ẹ̀yìnkùlé. Èékánná rẹ̀ dúdú kọjá ohun tí ọṣẹ lè ṣí. Bí mo ti wọlé, mo kúnlẹ̀, mo ní, “Àrẹdú o, Ìyá!” Inú rẹ̀ dùn débi pé ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá mi mú. Ó ní àwọn ọmọ ìsinsìnyí tó bá dé ọ̀dọ̀ òun, “Ẹ káàsán mà” ni wọ́n ń kí òun, bí ẹni pé ọ́fíìsì ni wọ́n wá.

Ẹ̀lú tiwa, èyí tí wọ́n ń fi ewé rẹ̀ ṣe aró, igi àjàrà ni, a máa fà gun igi mìíràn nínú igbó. Kì í ṣe irú èyí tí àwọn ará Íńdíà ń gbìn. Ewé rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ni wọ́n ń já, wọ́n á gún un nínú odó, wọ́n á ṣù ú róbótó bí ìṣù àkàrà, wọ́n á sá a gbẹ. Eérú náà ṣe pàtàkì bí ẹ̀lú. Ìkòkò kan tó nihò nídìí ni wọ́n ń da eérú sí, wọ́n á gbé e lé orí ìkòkò mìíràn, wọ́n á da omi lé e, omi á máa kán sísàlẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Omi yẹn ni wọ́n ń fi rẹ ẹ̀lú, fún ọjọ́ mẹ́ta, ọjọ́ márùn-ún, nígbà míì ọ̀sẹ̀ kan, títí yóò fi kẹ̀. Ó ń rùn. Kò sí bí mo ṣe lè fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó, aró ń rùn. Ìyá Aláró á ki ìka bọ̀ ọ́, á fi kan ahọ́n, á ní, “Kò tíì jí,” tàbí, “Ó ti jí.”

Lọ́jọ́ tó jí, ó pè mí kí n wá wò ó. Ìfófòó tó wà lójú rẹ̀ ń dán bíi bàbà, ó sì pọ́n rẹ̀sẹ̀rẹ̀sẹ̀ létí. Ó fi ìgbákọ ya ìfófòó sápá kan. Omi tó wà nísàlẹ̀ kì í ṣe aró rárá, ṣe ló dà bí omi ewédú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bù sórí àmàlà. Mo ti se òwú mi nínú omi ọṣẹ dúdú lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, torí pé ọ̀rá tó wà lára òwú oko kì í jẹ́ kó gba omi. Nígbà tí mo sè é tán, omi rẹ̀ pupa bíi tíì, òwú tó ti ń léfòó sì rì. Mo wá kì í bọ inú aró pẹ̀lẹ́, kí n má baà fẹ́ afẹ́fẹ́ wọ̀ ọ́. Mo ka iye ìgbà tí mo lè dúró. Nígbà tí mo fà á jáde, àwọ̀ ewé ni, ewé tútù. Mi ò tíì mí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta tí etí rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Aró ń rìn lórí òwú bí òjìji ṣe ń rìn lórí pápá, láti òkè wá sísàlẹ̀, ewé ń lọ, aró ń bọ̀, títí gbogbo rẹ̀ fi di àyìnrín lọ́wọ́ mi. Mi ò mọ̀ pé omi ti ń bọ́ lójú mi. Ìyá Aláró kò sọ nǹkan kan, ó kàn gba òwú náà lọ́wọ́ mi, ó gbé e kọ́ ara ọ̀pá.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ nìyí, bí àwọn onímọ̀ ṣe là á. Àwọ̀ aró kì í yọ́ nínú omi. Àwọn kòkòrò tíntìntín tí ojú kò lè rí, tó ń mú ẹ̀lú kẹ̀, pẹ̀lú omi eérú tó ta, ló ń sọ ọ́ di ohun mìíràn tó lè yọ́, ìdí nìyẹn tí omi rẹ̀ fi jọ ewédú. Inú fọ́nrán òwú ló máa ń wọ̀ lọ nígbà tó wà bẹ́ẹ̀. Bí ó bá wá bọ́ sí gbangba, tí ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ kàn án, á padà di aró, kò sì ní lè yọ́ jáde mọ́. Adolf von Baeyer, ará Jámánì, fi ọ̀pọ̀ ọdún wá bí wọ́n ṣe lè ṣe irú àwọ̀ yìí láìlo ewé, ó sì rí i ṣe. Nígbà tó di 1897, ilé iṣẹ́ BASF ti ń tà á fáyé. Wọ́n fún Baeyer ní ẹ̀bùn Nobel ní 1905. Àwọ̀ tí wọ́n ṣe láìlo ewé yẹn, tó jẹ́ lúúlúú, ni ọ̀pọ̀ aláró ń lò káàkiri ilẹ̀ Yorùbá báyìí, pẹ̀lú sódà tó ń jẹ èèyàn lọ́wọ́. Àwọ̀ kan náà ni wọ́n, mi ò ní sọ pé ayédèrú ni. Ṣùgbọ́n lúúlúú kì í sùn, kì í jí. Ẹni tó ń lò ó kò nílò láti fi ahọ́n tọ́ ọ wò kó tó mọ̀ bóyá ara rẹ̀ yá.

Mo sọ ti iwájú orí ọmọ fún Ìyá Aláró. Ó bi mí pé ẹ̀ẹ̀melòó ni mo kì í bọ̀ ọ́ nígbà náà. Mo ní ẹ̀ẹ̀kan, nínú aró tó le, torí mo fẹ́ kó dú. Ó mi orí. Ó ní, “Àṣàkẹ́, ẹ̀ẹ̀kan kọ́ laṣọ ń dú.” Inú ìkòkò tó ti ń rẹ̀ ló yẹ kí n ti bẹ̀rẹ̀, kí n kì í, kí n sá a, kí n tún kì í, kí n tún sá a, kí ìpele kan jókòó kí òmíràn tó gun orí rẹ̀. Aró tó bá gorí òwú lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀yìn òwú lásán ló máa ń jókòó sí, á máa ra èèyàn lára. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, kí n fi omi ṣàn án títí omi yóò fi mọ́ gaara. Ẹ̀ẹ̀mẹjọ ni a kì í lọ́jọ́ náà. Ó dú bí ẹtù. Kò tíì ra ẹnikẹ́ni lára láti ọjọ́ náà.

Ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi ni mí, ṣùgbọ́n nígbà tí Ìyá Aláró da omi díẹ̀ sílẹ̀ fún òrìṣà Ìyá Màpó kó tó ṣí ìkòkò, tó ní Ìyá Màpó ló ni gbogbo iṣẹ́ ọwọ́ obìnrin, mo dákẹ́, mo dúró tì í. Mo ti rí òkè Ìyá Màpó rí ní Ìgbẹ́tì. Mi ò mọ̀ nígbà náà pé ọ̀nà kan wà láàárín òkè yẹn àti ọwọ́ mi.

Àwọn àwọ̀ yòókù, ilé ni mo ti ń ṣe wọ́n, n kò sì ní pẹ́ lórí wọn. Èèpo àlùbọ́sà tí àwọn oníṣòwò Sábó ń gbá dànù, bí mo bá sè é pẹ̀lú álọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń mú omi tòrò, ń fún mi ní àwọ̀ bíi ti gàrí Ìjẹ̀bú tí a da epo díẹ̀ sí. Obì a máa fún mi ní àwọ̀ ilẹ̀. Bí mo bá ju ìṣó tó dógùn-ún sí omi rẹ̀, á ṣókùnkùn di eérú. Pòròpórò ọkà bàbà, èyí tó ń mú wàrà pupa, a máa pọ́n òwú díẹ̀. Osùn ló já mi kulẹ̀ jù: ẹwà rẹ̀ kò láfiwé lára ọmọ tuntun, àmọ́ kì í fẹ́ yọ́ nínú omi, òwú kò sì rọrùn fún un láti wọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ń dùn mí. Àwọn àgbà ní kíjìpá laṣọ ọ̀lẹ, òfì laṣọ àgbà. Mo bu ọlá fún àwọn àgbà, ṣùgbọ́n mi ò fara mọ́ èyí. Kíjìpá tí àwọn ìyá wa ń hun láti inú òwú tí wọ́n fọwọ́ ràn, ẹni tó bá ti jókòó ti ìrànwú fún irọ̀lẹ́ kan ṣoṣo kò lè pè é laṣọ ọ̀lẹ. Ó ki, ó wúwo, òtútù kì í gbà á kọjá, ó sì máa ń pẹ́ lára oní-ǹkan. Ìyá Àgbà ní ọ̀kan. Àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ ṣì ń fi bora.

Ohun mìíràn ni èyí tí arákùnrin kan sọ fún mi lẹ́yìn ìsìn ní ọjọ́ Àìkú kan. Ó rí mi tí mo ń hun ìbọ̀sẹ̀ ọmọ, ó ní, “Ẹ kú iṣẹ́ mà, ẹ̀ ń dá àṣà wa padà.” Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, torí ó sọ ọ́ tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń lọ sílé ni mo ń rò ó. Àṣà wo ni mò ń dá padà? Ìyá Àgbà kò di abẹ́rẹ́ nítìn mú rí. Ilé ìwé àwọn míṣọ́nnárì ni nítìn gbà wọlé tọ̀ wá wá. Àwọn tó sì kọ́ wa ní nítìn kò mọ òwú ríran, wúùlù tí wọ́n ti ṣe tán ni wọ́n rà fún wa. Ohun tó wà lọ́wọ́ mi yìí, kò sí ẹni tó ṣe é ṣáájú mi nínú ẹbí wa, kò sì sí ibi tí mò ń dá a padà sí. Òwú Ọ̀yọ́ ni, aró Ọ̀yọ́ ni, abẹ́rẹ́ ṣọ́ọ̀bù Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo fi ń hun ún. Tuntun ni. Mo fẹ́ kó jẹ́ tuntun, kí n sì máa rí ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó, kí n tún un ṣe, láìsí pé mò ń bẹ̀rù pé mo ń ba nǹkan àjogúnbá jẹ́.

Ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó sì wà. Òwú oko kì í nà kó sún padà bíi wúùlù. Bí mo bá hun ún tú jù, súwẹ́tà á máa gùn sísàlẹ̀ lára oní-ǹkan, pàápàá bó bá tutù. Abẹ́rẹ́ tó tín-ín-rín ni mo ń lò, ojú rẹ̀ á há, iṣẹ́ á pẹ́. Ṣùgbọ́n ó ń fa òógùn mu. Àwọn ọmọ tí Mọ́mì hun súwẹ́tà fún, bí ọyẹ́ àárọ̀ bá ti lọ, tí oòrùn bá yọ, a máa rí wọn tí wọ́n ń bọ́ ọ, tí ọrùn wọn ń yún wọn. Òwú kì í ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọmọ.

Mọ́mì ti wá ń gbé lọ́dọ̀ mi báyìí. Wọ́n ti ta ẹ̀rọ nítìn. Nígbà tó kọ́kọ́ dé, tó rí ìrànwú ìyá rẹ̀ lórí tábìlì mi, ó gbé ojú kúrò, kò sì sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ fún bí oṣù mẹ́ta. Mo ń ran lálẹ́, ó ń wo tẹlifíṣọ̀n. Mi ò ké sí i. Ohun tó bó o lọ́wọ́ nígbà ọmọdé, kì í ṣe èmi ni màá sọ fún un pé ó dùn.

Lálẹ́ ọjọ́ kan ó ní, “Gbé èyí tó dúdú yẹn wá.” Mo gbé e fún un. Ó fi ìka méjì rìn lórí rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, bó ti ń ṣe fún wúùlù kó tó sanwó fún oníṣòwò. Ó já díẹ̀ nínú rẹ̀. Ó ní kí n bá òun mú ìṣáná. Ó ṣá a sí i, ó jó, eérú rẹ̀ jábọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó fẹ́ ẹ, ó lọ. Ó gbọ́ òórùn ìka rẹ̀. Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀.

“Abẹ́rẹ́ rẹ dà?”

Súwẹ́tà ni ó ń hun, ti ọmọ ọdún méje, fún ọmọ tí mo fi aró kùn níwájú orí nígbà ìkómọ. Kò lo ìwé, orí rẹ̀ ni ìwọ̀n wà. Ó ń ka ojú sínú ẹnu bó ti ń ka á nínú ṣọ́ọ̀bù, ohùn rẹ̀ kò yí padà. Ẹ̀yìn ti pé, iwájú ti pé, apá ọ̀tún ti pé. Ní àná, bí mo ṣe ń tọ́jú abọ́, ó pè mí, ó na òwú tó kù hàn mí, kò tó ìbú apá méjì.

“Apá òsì ló kù,” ni ó wí. “Kó o sì ṣọ́ra lọ́tẹ̀ yìí. Ibí yìí, o lọ́ ọ jù.”